Mọ́tò tí kò ní dẹ́rẹ́bà ti wọ Atlanta: ṣé kí n ṣì yáwó ra ọkọ̀ fún Uber?

Bàbá Tìmí, Atlanta

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Uber ni mo fi ń jẹun níbí. Mọ́tò mi ti ń ṣe wàhálà, jíà rẹ̀ kì í fẹ́ wọlé mọ́, báńkì sì ti gbà láti yá mi lówó tuntun, ọdún mẹ́fà ni màá fi san án. Ohun tó ń dá mi dúró ni pé láti oṣù Kẹfà 2025 tí Waymo, iléeṣẹ́ mọ́tò tí kò ní dẹ́rẹ́bà, ti wọ inú áàpù Uber níbí, kò sí ibi tí mo yíjú sí ní Midtown tí mi ò rí àwọn Jaguar funfun wọ̀nyẹn, kò sẹ́ni nídìí sítíárìn. Ìyàwó mi ní kí n má tọrùn bọ gbèsè. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ariwo lásán ni, pé kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi kó ẹrù wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ti bá nǹkan yìí gbé pẹ́, ẹ là mí lọ́yẹ.

Àǹtí Bọ́lá, Phoenix

Bàbá Tìmí, ìyàwó yín ni kí ẹ gbọ́ tiẹ̀.

Ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Oṣù Kejìlá 2018 ni Waymo ti ń gbowó lọ́wọ́ èrò ní Chandler àti àgbègbè rẹ̀, nígbà tí ẹnì kan ṣì ń jókòó síwájú. Nígbà tó di oṣù Kẹwàá 2020, wọ́n yọ ẹni yẹn kúrò, wọ́n sì ṣílẹ̀kùn fún gbogbo èèyàn. Kò lé Uber kúrò nílùú o. Àwọn èèyàn wa ṣì ń wà á. Iṣẹ́ dídùn ló kọ́kọ́ lọ: láti ilé oúnjẹ sí òtẹ́ẹ̀lì, láti ọ́fíìsì sílé, ẹni tí kò ní ẹrù tó kàn fẹ́ jókòó kó tẹ fóònù rẹ̀. Pápá ọkọ̀ òfuurufú Sky Harbor gan-an, wọ́n ń lọ. Ohun tó kù fún dẹ́rẹ́bà ni ọ̀nà jíjìn, arúgbó tó nílò kí wọ́n dì í lọ́wọ́ mú, àti ẹni tó gbé àpótí mẹ́rin bọ̀ láti Nàìjíríà.

Ẹ sì wo ọ̀rọ̀ owó. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní San Francisco ní 2025 ní ìpíndọ́gba owó Waymo jẹ́ dọ́là 20.43, ti Uber 15.58, ti Lyft 14.44. Wọ́n wọ́n jù wá lọ, èrò sì ń wọ̀ ọ́! Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù nítorí yín. Ọjọ́ tí wọ́n bá já owó yẹn walẹ̀ ńkọ́?

Bí ẹ bá máa ra, ẹ ra èyí tí ẹ lè san tán láàárín ọdún méjì, tí yóò sì wúlò fún ìdílé bí iṣẹ́ bá dáwọ́ dúró.

Lékan, Houston

Àǹtí, ẹ jẹ́ ká rọra. Cruise, iléeṣẹ́ takisí tí kò ní dẹ́rẹ́bà ti General Motors, ńkọ́? Ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹwàá 2023, mọ́tò tí èèyàn ń wà kọlu obìnrin kan ní San Francisco, ó jù ú síwájú ọkọ̀ Cruise. Ọkọ̀ yẹn gbá a, ó dúró, ó tún ní òun ń yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ló bá wọ́ ọ tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 20. Kí oṣù yẹn tó parí, California ti gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ wọn. Lóṣù Kejìlá 2024, General Motors ní òun ò ná owó sí i mọ́, lẹ́yìn tó ti ná ju bílíọ̀nù mẹ́wàá dọ́là lọ. Uber fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ọkọ̀ ìdánwò rẹ̀ pa obìnrin kan ní Tempe lóṣù Kẹta 2018, nígbà tó fi máa di ìparí 2020, ó ti ta ẹ̀ka ọkọ̀ tó ń wa ara rẹ̀ fún iléeṣẹ́ Aurora.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti oṣù Kejìlá 2025. Iná mànàmáná lọ ní San Francisco, iná títì tó ń darí ọkọ̀ kú, àwọn Waymo sì dúró gbagidi sí oríta, wọ́n ń dí ọ̀nà, títí iléeṣẹ́ náà fi dá iṣẹ́ dúró fúngbà díẹ̀. Àwa tí NEPA tọ́ dàgbà! Ta ló ń wá iná títì ní Ojúẹlẹ́gbà?

Àǹtí Bọ́lá, Phoenix

Lékan, gbogbo ohun tí o sọ ló ṣẹlẹ̀, mo sì tún lè fi bọ́ọ̀sì ọmọ iléèwé kún un: ní Atlanta àti Austin, àwọn Waymo ń kọjá lára bọ́ọ̀sì tó dúró tó ń sọ ọmọ kalẹ̀, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lóṣù Kẹwàá 2025, iléeṣẹ́ náà sì tún ohun tó ń darí ọkọ̀ ṣe. Àmọ́ wo ìyàtọ̀ ibẹ̀. Bí dẹ́rẹ́bà kan bá ṣàṣìṣe, òun nìkan ló kọ́gbọ́n. Bí wọ́n bá tún ti ọkọ̀ kan ṣe, gbogbo ọkọ̀ tó kù ló gbà á. Iléeṣẹ́ ínṣọ́ránsì Swiss Re gbé máìlì mílíọ̀nù 25.3 tí Waymo rìn yẹ̀ wò, wọ́n ní ẹjọ́ ìpalára ara fi ìdá 92 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti èèyàn. Waymo wà nínú ìwádìí yẹn o, ẹ má kàn gbà á gbọ́ tán, ṣùgbọ́n ínṣọ́ránsì kì í fi owó ṣeré.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ń fojú rí. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe ní ibùdó tí wọ́n ń kó irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wá. Mi ò ní dárúkọ ẹni tó gbà mí. Ọkọ̀ á fúnra rẹ̀ wọlé wá. A ó fi wáyà iná sí i, a ó fa ìdọ̀tí inú rẹ̀, a ó tẹ ọwọ́ bọ abẹ́ ìjókòó. Ẹ ò lè gbà gbọ́ ohun tí ẹ̀dá ń gbàgbé: bàtà ẹsẹ̀ kan, eyín àtọwọ́dá, ìrẹsì tútù nínú ike. Lẹ́yìn náà la ó wá nu ojú rẹ̀. Jaguar yẹn ní kámẹ́rà 29, lidar 5, radar 6. Wọ́n ní ohun tó ń fọ̀ wọ́n lójú títì, àmọ́ kòkòrò tó gbẹ mọ́ ọn nínú oòrùn Arizona, aṣọ rírọ̀ àti sùúrù ló ń bọ́ ọ. Tí a bá fi àkísà líle ha á, owó ńlá ni.

Kámẹ́rà ló ń ka àwọ̀ iná títì. Radar ń mọ bí nǹkan ṣe ń sáré tó, kódà nínú òjò. Lidar ń ta iná lésà tí ojú kò rí, ó ń ka àkókò tí iná náà fi padà wá, òun ló fi ń mọ bí nǹkan ṣe jìnnà sí i, nínú òkùnkùn pàápàá. Gbogbo rẹ̀ tún dúró lórí máàpù tí wọ́n ti yà tẹ́lẹ̀, ibi gbogbo tó ní òpó àti gọ́tà. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi gba ìlú lẹ́ẹ̀kan náà. Ní Atlanta, máìlì onígun mẹ́rin 65 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, láti Downtown títí dé Buckhead. Bàbá Tìmí, ẹ wo máàpù yẹn dáadáa, kí ẹ sì máa ṣiṣẹ́ níta rẹ̀.

Káyọ̀, London

Ẹ gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn wá gan-an. Ṣé ẹ rántí Moove? Èkó ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní 2020, Ladi Delano àti Jide Odunsi ló dá a sílẹ̀. Wọ́n ń fún àwọn dẹ́rẹ́bà Uber ní ọkọ̀, wọ́n ń yọ owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú ohun tí wọ́n bá pa. Lóṣù Kejìlá 2024, Waymo kéde pé Moove ni yóò máa bójú tó ọkọ̀ òun ní Phoenix, lẹ́yìn náà Miami: ibùdó, iná, ìtọ́jú, gbogbo rẹ̀. Iléeṣẹ́ tó ń yá dẹ́rẹ́bà Èkó ní mọ́tò ló wá ń tọ́jú mọ́tò tí kò ní dẹ́rẹ́bà.

Ẹni tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà kò fẹ́ máa fọ ọkọ̀. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ ní ilẹ̀, kí ẹnì kan fa iná sí i, kí ẹnì kan tún táyà ṣe lóru. Dẹ́lífárì, owó tí dẹ́rẹ́bà ń san fún ọlọ́kọ̀, àwọn wọ̀nyí ló ń pín in báyìí. Ibẹ̀ ni kí ẹ wò.

Kọ́lá Tírélà, Dallas

Ẹ̀yin onítakisí ń sunkún, àwa onítírélà ńkọ́? Láti ìparí oṣù Kẹrin 2025 ni Aurora ti ń fi tírélà kó ẹrù láàárín Dallas àti Houston, lórí I-45, mọ́tò ló ń wa ara rẹ̀. Kò pẹ́ tí Paccar tó ṣe ọkọ̀ náà fi ní kí wọ́n dá èèyàn padà sórí ìjókòó, ó kàn jókòó ni, kò wa nǹkan kan.

Ìdí tí wọ́n fi ń lépa wa kò lè ṣòro fún ẹni tó ti kọ lọ́ọ̀gì, ìwé wákàtí ìwakọ̀, rí. Òfin ní wákàtí 11 péré ni mo lè wà lẹ́yìn tí mo bá ti sinmi wákàtí 10. Mọ́tò kì í sùn. Gbogbo wákàtí tí tírélà fi dúró sí ibi ìsinmi, owó ń jò.

Ìmọ̀ràn mi fún ẹni tó ń lọ gba CDL, ìwé àṣẹ láti wa ọkọ̀ ńlá, báyìí: má gbẹ́kẹ̀ lé ọ̀nà tààrà láti ibùdó sí ibùdó. Gba àfikún hazmat, ti ẹrù eléwu, àti ti táńkà. Ẹni tó ń já epo sí ilé epo, tó ń fa họ́ọ̀sì, tó ń bá máníjà jiyàn lórí rìsíìtì, mi ò tíì rí ẹ̀rọ tó ń ṣe ìyẹn.

Títí, Maryland

Ẹ jọ̀ọ́, Tesla ni tèmi, mo sanwó fún Full Self-Driving, ètò tó ń báni wa ọkọ̀. Ọkọ mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í tòògbé lójú ọ̀nà láti ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣé kò séwu?

Káyọ̀, London

Ẹ jí bọ̀dá wa o! Ewu ńlá ni. Ìpele mẹ́fà ni SAE, ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà mọ́tò, pín in sí, láti òdo sí márùn-ún. Èyí tó wà nínú ọkọ̀ yín, ìpele 2 ni: mọ́tò ń ràn yín lọ́wọ́, ẹ̀yin ni dẹ́rẹ́bà. Bó bá gbá ènìyàn, ẹ̀yin ni ọlọ́pàá àti ínṣọ́ránsì ń wá. Ìpele 4 ni Waymo, níbi tí iléeṣẹ́ ti gba ẹrù yẹn sórí, láàárín ibi tó yà sọ́tọ̀ nìkan. Lóṣù Kejìlá 2023, Tesla tún Autopilot, ètò ìrànlọ́wọ́ ìwakọ̀ rẹ̀, ṣe nínú bíi mílíọ̀nù méjì ọkọ̀ nítorí pé ìjọba ní kò ṣọ́ dẹ́rẹ́bà tó. Kódà nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ takisí tiwọn ní Austin lóṣù Kẹfà 2025, wọ́n fi òṣìṣẹ́ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ iwájú.

Ṣọlá, Peckham

Ẹ̀yin oní-PCO ní London, ẹ̀yin tí ẹ ní ìwé àṣẹ láti fi mọ́tò àdáni gbé èrò, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà ni. Ọba ti fọwọ́ sí Automated Vehicles Act láti oṣù Karùn-ún 2024. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé bí mọ́tò bá ń wa ara rẹ̀ lábẹ́ àṣẹ, iléeṣẹ́ tó gba àṣẹ ló máa dáhùn fún ẹ̀ṣẹ̀ ojú ọ̀nà, kì í ṣe ẹni tó jókòó. Ìjọba fi ìdánwò takisí sí ìgbà ìrúwé 2026, gbogbo òfin yóò sì wọlé tán ní apá kejì 2027. Wayve tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Cambridge ní 2017 ń bá Uber ṣe é, Waymo náà ti ní òun ń bọ̀. Tèmi ni pé mi ò ní ra ọkọ̀ PCO tuntun lọ́dún yìí, yíyá lọ́sẹ̀-lọ́sẹ̀ tó.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká rẹ́rìn-ín díẹ̀. Mo mú màmá mi wọ ọ̀kan nígbà tí a lọ sí Phoenix. Létà orúkọ mi tàn lórí òrùlé rẹ̀, mo fi fóònù ṣílẹ̀kùn, a di bẹ́líìtì, mo tẹ ibi tí wọ́n kọ pé kó máa lọ. Màmá kí ìjókòó iwájú, “Ẹ kú iṣẹ́ o.” Nígbà tí a dé, wọ́n ní ta ni kí àwọn fún ní tíìpù.

Bọ̀dá Fẹ́mi Mẹkáníìkì, Marietta

Mo ti ń kà á bọ̀, mo fẹ́ sọ tèmi sí i. Kò dìgbà tí mọ́tò bá wa ara rẹ̀ tán kí owó tó wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ Toyota àti Honda tuntun tí òkúta bá fọ́ gíláàsì iwájú rẹ̀ báyìí, bí a bá pààrọ̀ gíláàsì, kámẹ́rà tó wà lẹ́yìn díńgí gbọ́dọ̀ di èyí tí a tún tò. Ó nílò ilẹ̀ tó tẹ́jú, pátákó àmì tí a gbé síwájú ọkọ̀ ní ìwọ̀n gan-an, àti kọ̀ǹpútà tó ń bá a sọ̀rọ̀. Bí ó bá yẹ̀ díẹ̀, bíréèkì á máa mú fúnra rẹ̀ lójú ọ̀nà tó ṣófo. Ṣọ́ọ̀bù gíláàsì àti pánẹ́ẹ̀lì-bítà púpọ̀ ló ń gbé e jáde fún ẹlòmíràn ṣe, ínṣọ́ránsì ló sì sábà máa ń san án.

Ẹni tó ti ṣe réwáyà ní Ládípọ̀ rí kò ní bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Ìdánwò ASE, ti ìwé ẹ̀rí mẹkáníìkì ní Amẹ́ríkà, wà fún un: L3 fún ọkọ̀ oníná, L4 fún kámẹ́rà àti radar. Wọ́n ní àwọn ìdánwò àti ìrírí tí wọ́n fẹ́ kí ẹ ní kí wọ́n tó fún yín níwèé, nítorí náà ẹ bẹ̀rẹ̀ láti A6, ti wáyà iná mọ́tò.

Lékan, Houston

Bọ̀dá Fẹ́mi, iṣẹ́ yìí ni mò ń wá láti ọjọ́ yìí. Mo ń pè yín.

Bàbá Tìmí, Atlanta

Ẹ ṣé gan-an. Mo ti sọ fún báńkì pé kí wọ́n dáwọ́ dúró. Jíà ni màá tún ṣe, màá lo ọkọ̀ yìí ní apá Stone Mountain àti Lawrenceville, níbi tí àwọn Jaguar ò tíì dé. Àǹtí Bọ́lá, tí ibùdó bẹ́ẹ̀ bá wà ní Atlanta, kí ni wọ́n máa ń bèèrè?

Àǹtí Bọ́lá, Phoenix

Ìwé ìwakọ̀ tó mọ́, ìwé àṣẹ iṣẹ́, kí ẹ lè dúró lóru. W-2, ìwé owó orí ti òṣìṣẹ́, ni wọ́n ń fún wa, kì í ṣe 1099 ti adáṣiṣẹ́, ìyẹn sì ń ranni lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ ra ilé. Owó rẹ̀ kò tó ti Uber ọjọ́ Sátidé tó dáa o, mi ò ní tàn yín. Ẹ bi wọ́n nípa ínṣọ́ránsì ìlera kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun, torí àwọn agbaṣẹ́ṣe míràn kì í fún èèyàn.

Bọ̀dá Fẹ́mi Mẹkáníìkì, Marietta

Bàbá Tìmí, kí ẹ tó sanwó jíà tuntun, ẹ gbé e wá kí n wo ọ́ìlì rẹ̀ ná. Sátidé, aago mẹ́jọ àárọ̀.