Iṣan ọwọ́ àgbàlagbà tó le bí ọsán gángan: báwo ni ẹ ṣe ń kà á?

Akẹ́kọ̀ọ́ Abẹ́rẹ́, Ìlọrin

Mo kí gbogbo ẹ̀yin àgbà inú iṣẹ́ yìí. Ọdún kejì rèé tí mo ti ń kọ́ ìṣègùn àwọn ará Ṣáínà lọ́dọ̀ ọ̀gá mi ní Ìlọrin, iṣan ọwọ́ kíkà ló sì ń dà mí láàmú jù. Bí mo bá gbé ìka mẹ́ta lé ọrùn ọwọ́ ọ̀dọ́, mo máa ń mọ ohun tí ìka kọ̀ọ̀kan ń gbọ́ ní cun, ní guan àti ní chi, ibi mẹ́ta tí a ti ń tẹ iṣan láti ìsàlẹ̀ àtàńpàkò lọ sí apá. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ohun kan náà ni mo máa ń bá lọ́wọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn: iṣan á le, á nà tantan lábẹ́ ìka bí ọsán gángan tí onílù há mọ́ abíyá. Xian ni wọ́n kọ́ wa pé ó ń jẹ́, wọ́n sì ní ẹ̀dọ̀ ló ni ín tàbí ìrora. Ṣé gbogbo arúgbó ìlú yìí ni ẹ̀dọ̀ ń yọ lẹ́nu ni?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá ẹni ọdún 78 kan wá nítorí orúnkún. Mo bá xian lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbọ́ chi rárá, ìsọ iṣan náà sì jẹ́ 52 ní ìṣẹ́jú kan. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé òtútù ti wọ kíndìnrín, mo sì ti ń wá ìṣáná láti jó ewé moxa fún un, ewé gbígbẹ tí a ń jó sún mọ́ ara kí ó lè gbóná, ni ọ̀gá mi bá ní kí n kọ́kọ́ bèèrè ohun tó wà nínú báàgì màmá. Atenolol àti amlodipine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru méjèèjì, ni mo bá níbẹ̀. Ọ̀gá mi kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ibo ni mo ti ṣì í?

Oníṣègùn Àjàṣẹ́-Ìpo

Ọmọ mi, ọ̀gá rẹ ti dá ọ lóhùn tán. Atenolol máa ń fa ọkàn sẹ́yìn kí ó má baà yára, nítorí náà ìsọ tó falẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń lò ó kì í ṣe ẹ̀rí òtútù. Nígbà tí Li Shizhen ka irú ìsọ iṣan 27 sílẹ̀ ní ọdún 1564, kò sí ẹni tó ń gbé irú oògùn bẹ́ẹ̀ mì ní Ṣáínà tàbí níbòmíràn.

Ní ti xian, iṣan ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ máa ń yi bí ọjọ́ orí bá ti ń gòkè, pàápàá lára ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti bá gbé pẹ́. Líle nìkan kò wá sọ ohun púpọ̀ fún ọ mọ́. Ohun tí èmi máa ń wá ni bóyá ìrọ̀rùn díẹ̀ ṣì wà nínú líle náà, èyí tí àwọn ará Ṣáínà ń pè ní agbára ikùn. Tẹ ìka rẹ fẹ́ẹ́rẹ́, tẹ̀ ẹ́ dé àárín, kí o tó wá tẹ̀ ẹ́ kan ẹ̀bá eegun. Onílù tó fún ọsán gángan ṣì lè dẹ̀ ẹ́. Bí iṣan arúgbó bá ń dẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìka rẹ, fọkàn balẹ̀. Èyí tó bani lẹ́rù ni èyí tó dà bí ẹni tó ń fi ìka tọ ojú ọ̀bẹ. Bí àwọn àgbà Ṣáínà ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀ láti ìgbà láéláé nìyẹn.

Chi tó fara sin lára ẹni ọdún 78 kò yà mí lẹ́nu. Ṣé o tẹ̀ ẹ́ dé ìsàlẹ̀ kí o tó sọ pé o kò gbọ́ ọ? Bí o bá bá fọ́nrán kékeré kan níbẹ̀, gbòǹgbò ṣì wà. Àti pé, kí ìyá tó gun ọ̀kadà wá láti Ọjà Ọba jókòó dáadáa kí o tó mú ọwọ́ rẹ̀, kí o sì ka ìsọ 50 ó kéré tán. Ìwé tún ní xian ni iṣan ìgbà ìrúwé. Èmi kì í lo apá yẹn, nítorí òjò àti ọyẹ́ la ní níhìn-ín. Ìwé àkọsílẹ̀ ni mo fi rọ́pò rẹ̀: iṣan màmá ti òní ni mo máa ń fi wé tirẹ̀ ti oṣù tó kọjá.

Nọ́ọ̀sì Òmù-Àrán

Mo kí Bàbá Àjàṣẹ́. Èmi kò gbà gbọ́ pé iṣan ọwọ́ lè sọ ti kíndìnrín, a kò sì níí jà sí i, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ìka yín lè gbọ́ kí ẹ̀rọ wa tó gbọ́ ọ. Bí iṣan arúgbó bá ń fò, tí kò ní ìlù kan pàtó tó ń tẹ̀ lé, ẹ má dúró wádìí bóyá jie ni, èyí tó ń falẹ̀ tó sì ń fò, tàbí cu, èyí tó ń yára tó sì ń fò. Ẹ jẹ́ kí ó lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n fi ẹ̀rọ ya bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù, nítorí irú ọkàn bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kí ó gba orí lọ, kí ó sì di rọpárọsẹ̀. Ẹ tún bèèrè bóyá wọ́n ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, kí ẹ tó gún ẹnikẹ́ni.

Ní ti 52 yẹn, ẹ bi màmá bóyá òòyì ń kọ́ wọn. Ẹ má sì ṣe sọ pé kí wọ́n dá atenolol dúró, torí pé ọkàn lè bẹ̀rẹ̀ sí í sáré kíkankíkan bí ènìyàn bá já a lójijì. Dókítà tó kọ ọ́ ni kí ó dín in kù. Nígbà ààwẹ̀ Ràmàdánì, omi tó dín lára nìkan lè sọ iṣan di tínrín tó ń sáré.

Akẹ́kọ̀ọ́ Abẹ́rẹ́, Ìlọrin

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, Bàbá àti Nọ́ọ̀sì. Màmá padà wá lánàá. Mo jẹ́ kí wọ́n sinmi, mo gbé ọwọ́ wọn lé ìrọ̀rí, mo sì tẹ chi dé ìsàlẹ̀: ó wà níbẹ̀, tínrín bí òwú, kò sì fò. Guan ọ̀tún rọ̀ díẹ̀ bí mo ṣe dẹ ìka. 54 ni mo kà. Nígbà tí mo bèèrè òòyì, wọ́n ní bí àwọn bá ti ń gbé orí sókè láti ìforíkanlẹ̀ ní Àsùbáà, àwọn a kọ́kọ́ di ògiri mú, pé àwọn rò pé ọjọ́ ogbó ni. Orúnkún nìkan ni a gún. Mo kọ 52 àti 54 pẹ̀lú déètì sórí ìwé kékeré kan, mo sì fi í há inú páálí atenolol wọn kí dókítà lè rí i lọ́jọ́ tí ó dá fún wọn.