Sabi Sand àbí Madikwe, èwo ni kí n mú màámi lọ?

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Abẹ́òkúta la wà. Màámi máa pé 70 ọdún ní July, tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó rẹtáyà, ó pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ pé àwọn fẹ́ fojú ara àwọn rí erin nínú igbó, kì í ṣe èyí tí wọ́n sé mọ́ ọgbà, mo dẹ̀ ti ń tọ́jú owó ẹ̀ láti ọdún mẹ́ta. Sáú Áfríkà la ń lọ, igbó ẹranko méjì tí mo dẹ̀ ń wò níbẹ̀ ni Sabi Sand àti Madikwe. Sabi Sand wù mí gan-an torí kò sí ọgbà wáyà láàárín òun àti Kruger, igbó ẹranko ńlá ti ìjọba, wọ́n ní èèyàn máa ń rí ẹkùn dáadáa níbẹ̀, àmọ́ ẹ̀fọn ibẹ̀ ń kó ibà ranni. Madikwe ò ní ibà ní tiẹ̀. A ti gba yẹ́lò káàdì, dókítà ti yẹ BP wọn wò. Orúnkún wọn ló ń bà mí lẹ́rù, àtẹ̀gùn Olúmọ gan-an wọn ò lè gùn mọ́, jíìpù tí wọ́n fi ń wo ẹranko dẹ̀ ga, ó ṣí sílẹ̀, àárọ̀ kùtù ni wọ́n ń jáde, òtútù July ọ̀hún kì í ṣe kékeré.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti débẹ̀ rí, èwo ló máa rọ màámi lọ́rùn jù nínú méjèèjì? Ẹ má bínú pó gùn, ẹ ṣé gan-an ni o.