Ìfàyègbà, ìkónimọ́ra, tàbí àjọsọ?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́, ẹ kú àròjinlẹ̀ o.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: àwọn alukoro kan, ìyẹn àwọn tó ń gbẹnu sọ fún iléeṣẹ́ àti àjọ, níbí ní Òṣogbo fẹ́ kọ ìwé pélébé fún ẹgbẹ́ wọn, kí iṣẹ́ alukoro má baà jẹ́ ti irú èèyàn kan ṣoṣo. Kí obìnrin, àkàndá ẹ̀dá, ọmọ mẹ̀kúnnù àti ẹni tí kì í ṣe Yorùbá rí ọwọ́ mú níbẹ̀. Orúkọ Yorùbá méjì ni wọ́n ń wá fún ohun tí Òyìnbó ń pè ní "diversity and inclusion": àkọ́kọ́, kí oríṣiríṣi èèyàn wà níbẹ̀; èkejì, kí gbogbo wọn ní ipa gidi níbẹ̀. Bàbá wa ní ká lo ìyàtọ̀ àti ìfàyègbà. Ìyá wa olùkọ́ ní kí èkejì jẹ́ ìkónimọ́ra.

Ti àkọ́kọ́ kò le. Bí èèyàn bá gbọ́ ìyàtọ̀ lójijì, bí ẹni pé ìjà wà níbì kan ni. Ọ̀kan-ò-jọ̀kan ti wà lẹ́nu wa, kò sì bú ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ ká mú un, ká máa lọ. Ẹni tó ní òórùn òfófó wà lára alukoro fúnra rẹ̀, mo gbọ́, ṣùgbọ́n alukoro ni gbogbo rédíò ń pe agbẹnusọ ọlọ́pàá. Ó ti bọ́ sórí.

Èkejì ni ẹjọ́ wà. Ìfàyègbà ni à ń lò fún ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn. Aládùúgbò tó ń lu ìlù lóru, mo lè fàyè gbà á, n ò ní láti fẹ́ràn rẹ̀. Ta ló ń fàyè gba ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́?

Ìkónimọ́ra dùn, Ìyá mi, ìfẹ́ wà nínú rẹ̀. Àmọ́ ẹni tó ń kóni mọ́ra ló ni ọwọ́. Òun náà ló lè tú u sílẹ̀. Mo wà níbi ètò kan ní Òkè-Fìà tí wọ́n pe àwọn adití sí. Wọ́n fún wọn ní àga iwájú, fìlà àti omi tútù. Wọ́n tún háyà ẹni tó ń fi ọwọ́ túmọ̀ ọ̀rọ̀. Ẹ̀yìn sípíkà ńlá kan tó ga jù ú lọ ni wọ́n dá a dúró sí, kó má baà ba fọ́tò jẹ́. Ìka ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló ń yọ lókè lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Adití kan na ọrùn títí. Nígbà tó sú u, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí wọ́n kọ sára ike omi. Ṣé wọn ò kó wọn mọ́ra ni? Wọ́n kó wọn mọ́ra dáadáa! Kò ṣáà sí adití kankan nígbà tí wọ́n ń ṣètò ọ̀hún.

Òfin àkàndá ẹ̀dá tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní 2019 ní kí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba gbìyànjú kí ìdá 5 nínú 100 òṣìṣẹ́ wọn jẹ́ àkàndá. Ó dára. Iye orí nìyẹn. Ta ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀?

Ẹ wo Moss Kendrix, aláwọ̀ dúdú tó dá iléeṣẹ́ alukoro tirẹ̀ sílẹ̀ ní Washington, ní Amẹ́ríkà, ní 1948. Láyé ìgbà yẹn, bí dúdú bá yọ nínú ìpolówó ọjà, ìránṣẹ́ tàbí alásè ló sábà máa ń jẹ́. Kendrix bá Coca-Cola sọ ọ́ pé àwọn èèyàn òun náà ń ra ọjà, kí wọ́n yà wọ́n bí oníbàárà tó níyì. Wọ́n gbà á síṣẹ́. Dúdú ti wà nínú àwòrán kó tó dé, pẹ̀lú àwo lọ́wọ́. Ẹni tó ń dá sí bí àwòrán náà ṣe máa rí ló yí padà.

Àjọsọ ni mo mú wá. A ní àjọṣe, a ní àjọjẹ, a ní àjọni. Ẹnì kan á ní ohun tí a jọ fẹnu kò sí ni etí á kọ́kọ́ gbọ́ nínú rẹ̀. Ìyẹn gan-an ni mo ń wá! Ọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ alukoro. Bí a ò bá jọ sọ ọ́, kí lẹ kó mi mọ́ra fún? Ọmọ Hausa tó dàgbà ní Sábó, tó gbọ́ Yorùbá jù mí lọ, ṣé ìgbà tí ẹ bá fẹ́ fi Hausa kí àlejò níbi ọdún Ọ̀ṣun nìkan lẹ máa rántí rẹ̀ ni?

Ẹ fi ìkónimọ́ra sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ìgbanisíṣẹ́, ibẹ̀ ló bá mu. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn ju àjọsọ lọ, kó tètè mú un wá kí ìwé náà tó dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé. Kó ṣáà má jẹ́ ìfàyègbà.