Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: owó oṣù nọ́ọ̀sì iléèwé ní Àkúrẹ́

Ìyá Tòmíwá: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Inú ló ń bí mi tí mo fi ń kọ èyí. Iléèwé aládàáni kan níbí ní Àkúrẹ́ ni mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì, bọ́díǹgì ni. Ọmọ tó bá ní ibà, èmi. Èyí tó fi ẹsẹ̀ gbá òkúta ní pápá, èmi. Àwọn ọmọ fòníkú-fọ̀ladìde méjì wà níbẹ̀ tí mi ò lè fojú kan oorun tí òtútù bá ti mú. Fáànù yàrá ìtọ́jú ti bàjẹ́ tipẹ́, àwọn òbí á sì máa pè mí lóru bí ẹni pé mo jẹ wọ́n lówó. 55,000 náírà ni wọ́n ń san! Ọ̀rẹ́ mi tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní Lẹ́kí ń gba ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀. Èló ni nọ́ọ̀sì iléèwé ń gbà gan-an? Ṣé kí n fi iṣẹ́ náà sílẹ̀?

Bọ̀dá Káyọ̀dé: Ẹ fi sílẹ̀ lọ́la. 73,000 ni owó oṣù tó kéré jù tí Gómìnà Aiyedatiwa ti Oǹdó fọwọ́ sí ní 2024. Wọ́n ń rú òfin.

Àdùkẹ́ Ọ̀bà-Ilé: Bọ̀dá, ẹ má ṣi í lọ́nà. Òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ni 73,000 wà fún. 70,000 ti òfin ìjọba àpapọ̀, tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù Keje 2024, ló kan aládàáni. Ẹni tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 kò sí lábẹ́ òfin yẹn. Ìyá Tòmíwá, ẹ mélòó lẹ wà níbẹ̀? Ṣé RN ni yín, nọ́ọ̀sì tó forúkọ sílẹ̀? Kí ni wọ́n kọ sínú lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ yín?

Ìyá Tòmíwá: A ju ogójì lọ tí a bá ka àwọn awakọ̀ àti alásè. RN ni mí, mo jókòó ṣe ìdánwò Council, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, mo sì yege. Ẹ̀yin náà ò tíì sọ iye fún mi.

Nọ́ọ̀sì Àgbà Alágbàkà: Kò sí iye kan ṣoṣo, ẹni tó ń sanwó ló ń pinnu rẹ̀. Tó bá jẹ́ iléèwé ìjọba àpapọ̀, bíi FGGC Àkúrẹ́ tàbí FGC Ìdóàní, CONHESS ni wọ́n fi ń san án, ìyẹn ìwọ̀n owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìlera. Ní ìparí 2021, wọ́n sún owó ewu àwọn tó wà lórí CONHESS ní ti àpapọ̀ sí 15,000 dé 34,000 lóṣù, bí ipò bá ṣe rí. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń pinnu èyí tó máa tẹ̀ lé nínú rẹ̀, ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ ti ń wá. Ẹ wo owó oṣù tó kéré jù tí wọ́n kéde lẹ́yìn òfin 2024: Èkìtì 70,000, Oǹdó 73,000, Ọ̀ṣun 75,000, Ògùn 77,000, Ọ̀yọ́ 80,000, Èkó 85,000. Ti agbálẹ̀ nìyẹn o, ti nọ́ọ̀sì ga jù bẹ́ẹ̀. Ní ti aládàáni, owó iléèwé táwọn òbí ń san àti bí ẹ bá ṣe dúnàádúrà ló ń sọ iye. Ìdí nìyẹn tí Lẹ́kí fi ju Àkúrẹ́ lọ.

Dépò: Ní Amẹ́ríkà náà bẹ́ẹ̀ ló rí. Ní 2023, ìpíndọ́gba owó ọdún RN ní California lé ní 137,000 dọ́là, ti South Dakota ò ju nǹkan bíi 69,000 lọ. Ti iléèwé sì sábà máa ń kéré sí ti ọsibítù.

Àdùkẹ́ Ọ̀bà-Ilé: Dépò, Àkúrẹ́ lobìnrin yìí wà, ẹ jẹ́ ká dá a lóhùn ná. Ìyá Tòmíwá, ṣé inú ọgbà lẹ ń gbé?

Ìyá Tòmíwá: Bẹ́ẹ̀ ni. Yàrá kan àti pálọ̀, mi ò san owó ilé. Àwọn ọmọ mi méjèèjì ń lọ síbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n owó iléèwé kì í ṣe owó tí mo lè fi ra garí.

Màmá Ṣeun: Háà! Ẹ ò sì sọ! Owó iléèwé ọmọ méjì ní táàmù mẹ́ta, àti owó ilé? Ẹ̀ ń jẹun nìyẹn o.

Àdùkẹ́ Ọ̀bà-Ilé: Màmá, mi ò gbà. Òru wo lòun máa sùn? Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo fún bọ́díǹgì, ọ̀sán àti òru, iṣẹ́ èèyàn méjì ni. Ẹ kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀: owó ọwọ́, owó ilé, owó iléèwé. Ẹ wá fi wé ti ọ̀rẹ́ yín lẹ́yìn tó bá ti san owó ilé ní Lẹ́kí. Ṣùgbọ́n ẹ ò tíì dáhùn ìbéèrè lẹ́tà.

Ìyá Tòmíwá: “Mátírọ̀n bọ́díǹgì” ni wọ́n kọ. Láìsẹ́ǹsì mi ti kọjá àsìkò nígbà tí mo wọlé, Màmá tó ni iléèwé ní àwọn ò lè kọ nọ́ọ̀sì. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì náà ni mo ṣáà ń ṣe.

Nọ́ọ̀sì Àgbà Alágbàkà: Ọ̀rọ̀ yí padà nìyẹn, arábìnrin mi. Owó mátírọ̀n ni wọ́n ń san fún yín, ẹ sì ń ṣe iṣẹ́ tí láìsẹ́ǹsì yín kò fàyè gbà mọ́. Tí ọmọ kan bá kú lọ́wọ́ yín lẹ́yìn abẹ́rẹ́, ẹ̀yin ni wọ́n á kọ́kọ́ mú, lẹ́tà yẹn ò ní gbà yín. Láti òní, ẹ má gún ẹnikẹ́ni ní abẹ́rẹ́. Ọmọ fòníkú-fọ̀ladìde tí egungun bá ń ro, ẹ pe òbí rẹ̀, ẹ sì gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ ṣe MCPDP, ìyẹn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó pọn dandan fún nọ́ọ̀sì, ẹ gba ìwé-ẹ̀rí rẹ̀, kí ẹ tún láìsẹ́ǹsì ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì Council. Ọdún mẹ́ta ni láìsẹ́ǹsì ń lò. Ìgbà yẹn lẹ máa béèrè lẹ́tà tuntun: orúkọ iṣẹ́ “nọ́ọ̀sì”, wákàtí iṣẹ́, ọjọ́ ìsinmi, owó òru lọ́tọ̀, dókítà tó máa fọwọ́ sí oògùn, kó má sì dín sí 70,000 lówó, láìka ilé mọ́ ọn. Ẹ béèrè owó ìfẹ̀yìntì náà: níbi tí òṣìṣẹ́ bá ti tó 15, agbanisíṣẹ́ á fi ìdá 10 nínú 100 sílẹ̀, ẹ̀yin á fi 8. Kí táàmù kẹta tó parí ni kí ẹ sọ ọ́, torí ìgbà yẹn ni wọ́n ń ṣírò owó iléèwé ọdún tuntun.

Bọ̀dá Káyọ̀dé: Èmi ṣì ní kó fi sílẹ̀.

Àdùkẹ́ Ọ̀bà-Ilé: Kó lọ síbo láìní láìsẹ́ǹsì, Bọ̀dá? Kò sí iṣẹ́ ìjọba tó máa gbà á.

Ìyá Tòmíwá: Mo gbọ́. Ibo ni mo ti máa ṣe MCPDP ọ̀hún?

Nọ́ọ̀sì Àgbà Alágbàkà: Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ nọ́ọ̀sì, NANNM, ẹ̀ka Oǹdó. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ rí i dájú pé Council fọwọ́ sí ibùdó náà, torí ìwé-ẹ̀rí tí wọn ò bá mọ̀ kò ní ṣí láìsẹ́ǹsì yín.