Bùọ̀dá mi ní Kánádà fẹ́ kó gbogbo wa lọ: ta ni òfin gbà, ta ni kò gbà?

Aránṣọ Olú-Ọdẹ:

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Òṣogbo ni mo wà. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀.

Bùọ̀dá mi àgbà ti wà ní Kánádà láti 2021. Express Entry, ètò tí Kánádà fi ń fi máàkì yan àwọn òṣìṣẹ́ tó níwèé ẹ̀rí, ló bá lọ, òun nìkan. Ó ti gba páálí, ìwé àtigbé ibẹ̀ pátápátá, àmọ́ kò tíì di ọmọ ìlú. Ó ní àsìkò ti tó kí òun kó wa mọ́ra: Màmá wa, opó, ẹni ọdún 67, àbúrò wa ọkùnrin, ẹni 20, tó wà ní yunifásítì, èmi tí mo ti lé ní 30, àti ọmọ bùọ̀dá fúnra rẹ̀, ọmọbìnrin ọdún 9 tó ń gbé lọ́dọ̀ Màmá.

Ibi tó ta kókó nìyí. Bùọ̀dá kò fẹ́ ìyá ọmọ yẹn níṣu lọ́kà. Nígbà tó ń kọ fọ́ọ̀mù ní 2020, ẹ̀jẹ́ńtì tó bá a ṣe é ní kó má wulẹ̀ dárúkọ ọmọ, pé ó máa fa ìdádúró, pé tó bá débẹ̀ tán á wá mú un. Ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ò bímọ.

Ní báyìí a ti rí ẹ̀jẹ́ńtì mìíràn níbí. Mílíọ̀nù 4 náírà ló ń gbà fún “gbogbo ẹbí lápapọ̀”, ìdajì kó tó bẹ̀rẹ̀. Ní ti ọmọ, ó ní ká lọ búra ní kóòtù, ká gba ìwé ìbí tuntun, ká kọ ọ́ sórúkọ Màmá, kó di àbúrò bùọ̀dá. Màmá ní kí ló burú níbẹ̀, ṣebí òun náà ni òun ń tọ́ ọ. Ọkàn tèmi ò balẹ̀. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí n tó sanwó.

Ìyá Ìbejì Àyẹ̀tòrò:

Ẹ má san kọ́bọ̀! Màmá ẹni 67, ọmọ ọdún 9. Ẹ ṣírò ẹ̀ wò. Ṣé ẹni 58 ni wọ́n nígbà tí wọ́n bí i, àbí Sárà inú Bíbélì ni wọ́n? Ẹni tó máa yẹ ìwé yẹn wò náà mọ ìṣirò.

Ọmọ Òrókí ní Winnipeg:

Àbúrò, ẹ jẹ́ kí n mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, torí kò sí ohun tó ń jẹ́ “gbogbo ẹbí lápapọ̀” nínú òfin Kánádà. Kálukú ló ní ọ̀nà tirẹ̀, ẹlòmíràn ò sì lọ́nà rárá.

Ọmọ ló le jù, òun ni kí n kọ́kọ́ mú. Apá kan wà nínú òfin wọn, 117(9)(d) ni nọ́ńbà rẹ̀. Ẹni tó bá ń gba páálí, tó lọ́mọ tàbí aya nílé, tí kò dárúkọ wọn kí wọ́n lè yẹ̀ wọ́n wò, kò lè fi ètò ẹbí mú wọn wá mọ́ lẹ́yìn náà. Kì í ṣe ìjìyà ọdún kan tàbí méjì o, kò ní gbèdéke. Kódà ọmọ tí kò ní bá bàbá rẹ̀ rìn, ó yẹ kí orúkọ rẹ̀ wà nínú fọ́ọ̀mù pé kò tíì ń bọ̀, kó sì lọ ṣe àyẹ̀wò ara. Ká ní wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn ni, ọ̀rọ̀ ọmọ yìí ni ìbá rọrùn jù nínú gbogbo yín: ọmọ tí kò tíì pé 22, tí kò ṣègbéyàwó, bàbá rẹ̀ lè mú un wá, ìjọba ò tiẹ̀ ní béèrè iye tó ń wọlé fún un lóṣù.

Ní 2019 ìjọba ṣí ilẹ̀kùn kékeré kan fún irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ àwọn òbí tó wọlé gẹ́gẹ́ bí asásálà, tàbí tó jẹ́ pé ọkọ, aya tàbí òbí ló mú wọn wọlé, ló wà fún. Express Entry ò sí níbẹ̀. Ohun tó kù ni ìwé ẹ̀bẹ̀, pé kí wọ́n fi ojú àánú wò ó nítorí ire ọmọ náà: ta ló ń tọ́ ọ, kí ni bàbá ń fi ránṣẹ́, ṣé wọ́n ń bára wọn sọ̀rọ̀. Ọwọ́ òṣìṣẹ́ tó bá kà á ló kù sí. Ẹ sì rántí pé ìwé yẹn fúnra rẹ̀ máa fi hàn pé bùọ̀dá parọ́ ní 2020, páálí tirẹ̀ lè torí ẹ̀ wọ ewu. Lọ́yà tó mọ òfin ìwọ̀lú Kánádà ni kó kọ́kọ́ lọ bá, kó tó fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù kankan, títí kan fọ́ọ̀mù àtidi ọmọ ìlú.

Ti àfídáfíìtì yẹn, ẹ gbàgbé ẹ̀. Wọ́n lè ní kí Màmá àti ọmọ lọ ṣe àyẹ̀wò DNA. Tí irọ́ bá yọ, ọdún 5 gbáko ni Kánádà ò ní gba Màmá láyè wọlé.

Màmá fúnra wọn lọ́nà. Ètò àtigbé ibẹ̀ pátápátá fún òbí wà, ọmọ tí kò tíì pé 22 sì lè tẹ̀ lé òbí rẹ̀ nínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n inú orúkọ àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ní 2020 ni wọ́n ṣì ń mú títí di 2025, bùọ̀dá ò sì tíì dé nígbà yẹn. Super visa ló kù, físà ìbẹ̀wò ọlọ́jọ́ pípẹ́ fún òbí. Wọ́n lè dúró tó ọdún 5 lẹ́ẹ̀kan náà. Owó tó ń wọlé fún bùọ̀dá gbọ́dọ̀ kájú iye tí ìjọba là kalẹ̀, wọ́n á sì ka Màmá mọ́ àwọn tó ń bọ́. Kò sí iṣẹ́ ṣíṣe nínú ẹ̀, kò sì ní lè mú àbúrò yín dání.

Aṣọ Funfun:

Ẹ má dẹ́rù bà wọ́n. Ọ̀rẹ́ mi kan mú àbúrò ẹ̀ lọ, mo mọ̀ ọ́n dáadáa.

Ọmọ Òrókí ní Winnipeg:

Ó lè jẹ́ òótọ́. Ẹni tí kò lọ́kọ tàbí láya, tí kò bímọ, tí òbí àti òbí àgbà rẹ̀ ti kú, tí kò sì ní ìbátan kankan tó jẹ́ ará Kánádà, lè mú ìbátan kan ṣoṣo. Ìyẹn àti àbúrò tó jẹ́ ọmọ òrukàn, tí kò tíì pé 18, nìkan ni ọ̀nà tó wà. Màmá tiwọn ṣì wà láyé, a dúpẹ́, kò kàn wọ́n.

Tíṣà Ìgbọ̀nà:

Ẹ̀yin tí ẹ bi wá, tí ẹ bá níwèé ẹ̀rí, ẹ̀yin náà lè gba Express Entry. Níní ẹ̀gbọ́n níbẹ̀ máa fi máàkì 15 kún tiyín nínú 1,200. Ó kéré, àmọ́ máàkì kan ti já ẹlòmíràn kulẹ̀ rí. Àbúrò yín, ọ̀nà akẹ́kọ̀ọ́ ni: láti September 2025, 22,895 dọ́là Kánádà ni wọ́n ń fẹ́ rí fún oúnjẹ àti ilé ọdún kan, owó ilé-ìwé àti ọkọ̀ ò sí nínú ẹ̀. Ní tèmi, ẹ jẹ́ kó parí èyí tó ń kà lọ́wọ́.

Nọ́ọ̀sì Òkè-Báálẹ̀:

Ẹ̀jẹ̀ ríru ńkọ́, ṣé Màmá ní? Super visa ń béèrè ìnṣọ́ránsì ìlera, ó kéré tán 100,000 dọ́là, fún ọdún kan. Owó ẹ̀ máa ń ga fún àgbàlagbà, tí oògùn bá tún wà nílẹ̀, á ga sí i. Ẹ kà á dáadáa bóyá àìsàn tó ti wà tẹ́lẹ̀ wọ inú ẹ̀, torí àwọn kan kì í san tiẹ̀ tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ oògùn. Ẹ má sì fi pamọ́ fún wọn.

Aránṣọ Olú-Ọdẹ:

Ẹ ṣeun gan-an ni. Màmá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ọjọ́ ti pẹ́. Mo ti fi gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́ sí bùọ̀dá. Ó kọ́kọ́ bínú, ó ní ṣé mo ń tú àṣírí òun síta ni. Lálẹ́ ló pè padà pé òun máa wá lọ́yà. Màmá ò sọ̀rọ̀, wọ́n kàn ń di irun ọmọ náà lọ.

Ohun kan tí mi ò sọ lánàá: pásípọ́ọ̀tù Màmá ti wà lọ́wọ́ ẹ̀jẹ́ńtì yẹn. Ó ní tí a ò bá san ìdajì, òun ò ní dá a padà.

Ìyá Ìbejì Àyẹ̀tòrò:

Héè! Ta ló fún un?

Ọmọ Òrókí ní Winnipeg:

Ohun ìní ìjọba àpapọ̀ ni pásípọ́ọ̀tù, wọ́n kọ ọ́ sínú ẹ̀. Kò lè fi ṣe ìdógò. Ẹ mú ọkùnrin àgbà kan dání lọ́la, ẹ má bá a jà, ẹ ṣáà sọ fún un pé tí kò bá gbé e sílẹ̀, tọ́lọ́pàá ló kàn. Tí ẹ bá ti gbà á, ẹ bi í bóyá ó ti fi orúkọ Màmá ṣí nǹkankan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Tó bá ti ṣí i, ẹ gba íméèlì àti pásíwọ́ọ̀dù tó lò, kí ẹ fi hàn lọ́yà, torí ohun tó bá kọ síbẹ̀, Màmá ló máa dáhùn fún un. Kí bùọ̀dá sì yẹ orúkọ ẹni tó bá fẹ́ gbà wò kó tó sanwó: lọ́yà ní ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà ìpínlẹ̀ rẹ̀, tó bá sì jẹ́ agbaninímọ̀ràn ni, nínú ìwé orúkọ College of Immigration and Citizenship Consultants, ọ̀fẹ́ ni.