Ibo ni kí n gbé áńpù béèsì sí nínú gbọ̀ngàn tó ń gba ohùn padà?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olórin. Gìtá béèsì ni mò ń ta nínú ìjọ wa ní Ìgbógbó, Ìkòròdú. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kó sí gbọ̀ngàn tuntun: ògiri búlọ́ọ̀kù, táìlì nílẹ̀, páànù lókè, kò sí sílíǹgì. Igun ẹ̀yìn onídúrọ́ọ̀mù ni mo gbé áńpù (àpótí tó ń gbé ohùn gìtá jáde) sí, torí ibẹ̀ ni iná wà. Láti ìgbà náà, gbogbo ohun tí mo bá ta ló ń kùn wùùù bíi tírélà tó ń gun òkè. N kì í gbọ́ ara mi, mo máa ń yí i sókè sí i ni. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, gíláàsì fèrèsé ń gbọ̀n, àwọn ìyá tó jókòó lẹ́yìn ní àwọn ò gbọ́ ọ̀rọ̀ orin rárá. Ó dùn mí gan-an. Ṣé kí n ra áńpù tó tóbi jù ú lọ ni?

Onímíksà, Ẹ̀pẹ́: Àbúrò, má ra nǹkan kan. Igun yẹn ló ń dà ọ́ láàmú. Ògiri méjì àti ilẹ̀ pàdé níbẹ̀, gbogbo wọn ló ń ti ohùn ìsàlẹ̀ padà síta. Gbé e kúrò níbẹ̀, gbé e lé àga tó le, kí o dojú rẹ̀ kọ etí rẹ. Orúnkún rẹ ló ń dún sí báyìí, ìdí nìyẹn tí o fi ń yí i sókè.

Onídúrọ́ọ̀mù, Àgbádárìgì: Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n sọ. Kí ẹnikẹ́ni má sì tà ọ́ ní fóòmù tín-ín-rín tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri láti mu ohùn o. Okùn E tó nípọn jù lára béèsì olókùn mẹ́rin ń gbọ̀n ní ìgbà 41 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìgbì rẹ̀ gùn ju mítà 8 lọ. Ohùn òkè ni fóòmù bẹ́ẹ̀ àti kọ́tìnì ń mu. Dín ibi tí wọ́n kọ Bass sí kù, fi díẹ̀ kún Mid (ohùn àárín). Bí nóòtì kan bá ṣàdédé rẹlẹ̀ lẹ́yìn tí o sún áńpù, ohùn tó ti ara ògiri padà ló ń pa á. Tún un sún díẹ̀.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣeun púpọ̀. A gbìyànjú rẹ̀ lálẹ́ àná. Mo ní kí àbúrò mi máa ta okùn E, èmi ń rìn káàkiri gbọ̀ngàn. Ìgbà mẹ́ta la sún un. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ orin, ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí, mo sì gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ yékéyéké.