Ǹjẹ́ ẹ̀rọ TENS lè bá mi dá akokoro dúró títí màá fi rí dókítà eyín?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ará. Ó di ọjọ́ mẹ́ta tí eyín ẹ̀yìn kan nísàlẹ̀ ti ń ro mí, òru ló sì máa ń le jù, bí mo bá ti dùbúlẹ̀ báyìí. Ó ku ọjọ́ márùn-ún kí dókítà eyín tó rí mi. Mo ní ẹ̀rọ TENS tí mo ń lò fún ẹ̀yìn dídùn, èyí tó ń rán iná mànàmáná díẹ̀ gba awọ ara kọjá sí iṣan ìmọ̀lára. Ṣé mo lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́?

Èsì: Ẹ pẹ̀lẹ́. Èmi lò ó sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rí, ó sì dẹ̀ mí lára, ṣùgbọ́n kì í ṣe eyín ló ń dùn mí. Mo máa ń payínkeke lójú oorun, ẹran ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi sì ti le. Ẹni tó ń tọ́jú mi ló fi ibi tí màá lẹ̀ ẹ́ mọ́ hàn mí.

Èsì láti ọ̀dọ̀ dókítà eyín kan: Ìyàtọ̀ yẹn gan-an ni kókó. Ní ọdún 1965, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Ronald Melzack àti Patrick Wall, ṣàlàyé pé ó dà bí ẹni pé ilẹ̀kùn kan wà lójú ọ̀nà tí ìrora ń gbà dé ọpọlọ, tó jẹ́ pé bí ìmọ̀lára ìfọwọ́kàn bá ti ń gba ibẹ̀ kọjá, ìrora kì í fi bẹ́ẹ̀ ráyè wọlé. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fọwọ́ ra ibi tí a bá fi gbá nǹkan, ọ̀nà yẹn náà sì ni wọ́n gbà pé TENS ń gbà dẹ ìrora. (Fífi iná dẹ ìrora kì í ṣe ọ̀rọ̀ òní: Scribonius Largus, oníṣègùn ará Róòmù ní ọ̀rúndún kìíní, ní kí wọ́n gbé ẹja oníná, irú òjíjí, lé orí ẹni tí orí ń fọ́.) Àmọ́ ìrora tó ń le bí èèyàn bá dùbúlẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ti ẹran inú eyín tó ti wú, tí eyín líle sì há a mọ́ tí kò ráyè. Iná lè pa ìró rẹ̀ mọ́lẹ̀ fúngbà díẹ̀, kò lè wò ó sàn. Ẹ má dá a lẹ̀ mọ́ ojú tàbí ọrùn, nítorí pé bí ó bá kan iṣan ńlá ọrùn, ó lè mú kí ọkàn máa lù lọ́ra lójijì. Ẹni tó ní wárápá, tàbí tí wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń darí ìlù ọkàn sí lára, kò gbọdọ̀ lò ó láìgba àṣẹ dókítà. Ṣé ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín wú, àbí ara yín gbóná?

Olùbéèrè: Ara mi kò gbóná, ṣùgbọ́n ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti wú díẹ̀ láti àárọ̀.

Dókítà eyín: Ẹ má dúró de ọjọ́ márùn-ún mọ́ nígbà náà. Ẹ pè wọ́n lónìí, kí ẹ sọ pé ó ti wú. Bí ó bá ṣòro fún yín láti gbé nǹkan mì tàbí láti mí, ilé ìwòsàn pàjáwìrì ni kí ẹ gbà lọ tààrà.

Olùbéèrè: Mo ti pè wọ́n, wọ́n ní kí n wá láàárọ̀ ọ̀la. Ẹ ṣé, mo ti dá ẹ̀rọ náà padà sínú àpótí rẹ̀.